Ìdí Tí Bàbá Télọ̀ Fi Ń Yí Inú Ṣẹ́ẹ̀tì Síta

Ẹni ọdún 73 ni Bàbá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí. Télọ̀ ni wọ́n, aṣọ ọkùnrin ni wọ́n ń rán, ó sì lé ní 40 ọdún tí wọ́n fi jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Àrùn Alzheimer, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àrùn ìgbàgbé, ni dókítà rí lára wọn ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ wọn tó dé ọ̀dọ̀ mi. Nínú ìdánwò ìrántí tí wọ́n ń pè ní MMSE, tí gbogbo máàkì rẹ̀ jẹ́ 30, Bàbá gba 14. Oògùn donepezil, tí wọ́n máa ń fún ẹni tó ní àrùn yìí, ni wọ́n ń lò. Ẹsẹ̀ wọn lágbára, etí wọn ń gbọ́ dáadáa. Ìyàwó wọn ló ń tọ́jú wọn, ẹni ọdún 68 tí ẹ̀yìn ń dùn. Ọmọ wọn ọkùnrin máa ń wá lópin ọ̀sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ẹbí gbé wá. Àkọ́kọ́ ni aṣọ wíwọ̀: àràárọ̀ ló ń di ìjà, Bàbá a máa ti Màmá dànù, nígbà mìíràn ọwọ́ wọn a tilẹ̀ bà wọ́n lójú. Ìkejì ni ìwẹ̀, tí Bàbá máa ń kọ̀ jálẹ̀. Ìkẹta, tí ojú ń ti Màmá láti sọ, ni pé Bàbá máa ń tọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá lóru. Màmá ní, "Wọn ò lè ṣe nǹkan kan fúnra wọn mọ́. Èmi ni mò ń ṣe gbogbo ẹ̀." Ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ mi kò ju kí n kọ́ Màmá bí wọn yóò ṣe máa wọṣọ fún ọkọ wọn láìfarapa. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ọmọ wọn ti ń wá ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tí wọ́n lè gbé Bàbá lọ.

Occupational therapist ni mí. Iṣẹ́ wa ni láti wo bí ènìyàn ṣe ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ara rẹ̀, bí ìwẹ̀, aṣọ wíwọ̀, oúnjẹ jíjẹ àti lílo ilé ìtọ̀, kí a wá ibi tí iṣẹ́ náà ti ń dúró, kí a sì la ọ̀nà tí yóò tún gbà lọ. Nígbà mìíràn iṣẹ́ náà la máa ń tún tò. Nígbà mìíràn, yàrá tàbí ọwọ́ ẹni tó ń ṣèrànwọ́ la máa ń yí padà. Kò sí oògùn tó ń wo àrùn ìgbàgbé sàn, bẹ́ẹ̀ sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé mílíọ̀nù 57 ènìyàn ló ń bá a gbé ní ọdún 2021. Nítorí náà, ohun tí ẹni tó ní i ṣì lè ṣe láàárọ̀ ọ̀la kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lójú mi.

Mo bẹ̀ wọ́n kí n wá ní òwúrọ̀, ní àsìkò tí ìjà náà máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Mi ò gbé ìwé ìbéèrè kalẹ̀. Ẹni tó ní àrùn yìí lè dáhùn ìbéèrè dáadáa nídìí tábìlì ilé ìwòsàn kó má lè ṣe ohun tó sọ nílé, ó sì lè jẹ́ ìdàkejì. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń wò.

Màmá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, aṣọ kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Wọ́n ní: "Ẹ dìde, ẹ bọ́ aṣọ alẹ́, ẹ mú síńgílẹ́ẹ̀tì, ìyẹn kọ́, èyí tó wà lápá òsì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yára, ilẹ̀ ti mọ́." Bàbá dúró. Wọ́n wo kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n wo Màmá. Nígbà tó yá, wọ́n na ọwọ́ mú ṣẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n yí inú rẹ̀ síta, wọ́n sì ń fi àtàǹpàkò tẹ ojú rírán rẹ̀ láti abíyá wálẹ̀. Màmá dúró títí, ó sú wọn. Wọ́n gba ṣẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n yí i padà, wọ́n sì fa ọwọ́ Bàbá bọ apá aṣọ. Bàbá tì wọ́n dànù, ariwo sọ. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ṣẹ́ẹ̀tì wọ èjìká. Bí Màmá ṣe yíjú láti mú ṣòkòtò, ọwọ́ Bàbá lọ sí bọ́tìnnì. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dè láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn kò fo ọ̀kankan, wọn kò tilẹ̀ wo ibẹ̀.

Màmá kò rí i. Wọ́n ti rò pé àwọn ni wọ́n máa ń dè é. Èmi ò sì lè mú ojú kúrò níbẹ̀, torí bọ́tìnnì dídè le ju kí ènìyàn ti ọwọ́ bọ apá aṣọ lọ. Bí ọwọ́ bá ṣì lè ṣe èyí tó le, a jẹ́ pé kì í ṣe ọwọ́ ni ìṣòro wà.

Aṣọ wíwọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ènìyàn ní láti mọ̀ pé àsìkò tó láti bẹ̀rẹ̀, kó yan aṣọ láàárín aṣọ, kó mọ èyí tó ń ṣáájú, kó mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, kó wọ̀ ọ́, kó dè é, kó sì mọ̀ pé ó ti parí. "Wọn ò lè wọṣọ" ti kó gbogbo èyí dà sínú agbọ̀n kan. Nínú ọ̀ràn Bàbá, bíbẹ̀rẹ̀ àti yíyàn ló ń dúró. Àrùn Alzheimer máa ń tètè kọlu hippocampus, apá ọpọlọ tó ń fi ohun tó ṣẹ̀ láìpẹ́ pamọ́. Tó bá yá, ó máa ń dí iṣẹ́ iwájú ọpọlọ lọ́wọ́, ibi tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó sì ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ara ti ṣe títí tó fi di bárakú gba ọ̀nà mìíràn nínú ọpọlọ, ọ̀dọ̀ basal ganglia àti cerebellum, ó sì máa ń pẹ́ kí àrùn náà tó ba ibẹ̀ jẹ́. Ohun tó bo ọwọ́ Bàbá mọ́lẹ̀ ni àṣẹ márùn-ún nínú èémí kan, kọ́bọ́ọ̀dù tó kún, àti ìrànwọ́ tó ń dé kí wọ́n tó rí àyè ṣe é.

Káàdì àwòrán la kọ́kọ́ dán wò. A ya àwòrán aṣọ kọ̀ọ̀kan, a kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́, a sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri lẹ́sẹẹsẹ. Bàbá ka gbogbo rẹ̀ sókè ketekete. Wọ́n yin àwòrán náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n padà lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìdí rẹ̀ yé mi, ó sì yẹ kó yé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ràn káàdì: kí káàdì tó lè ṣiṣẹ́, ènìyàn ní láti rántí pé tòun ni, kó wò ó, kó fi ohun tó rí sọ́kàn títí yóò fi dé ìdí aṣọ, kó sì tún rántí padà lọ wo èyí tó kàn. Ohun tí àrùn náà ti mú lọ gan-an ni káàdì ń béèrè. Ó máa ń wúlò fún ẹni tí àrùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀rẹ̀. Pé ènìyàn ṣì lè kàwé kò túmọ̀ sí pé ó lè tẹ̀ lé ohun tó kà.

A wá gbé ètò náà kúrò lára ògiri, a gbé e sára aṣọ fúnra rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù di títì láàárọ̀. Màmá a ti yan aṣọ sílẹ̀ lálẹ́. Ìtẹ́ bẹ́ẹ̀dì olódòdó tí gbogbo aṣọ máa ń sọnù sórí rẹ̀ ni a pààrọ̀ sí aláwọ̀ kan tó dúdú, kí síńgílẹ́ẹ̀tì funfun lè hàn ketekete. Ẹyọ aṣọ kan ṣoṣo ni yóò wà níwájú Bàbá, èyí tó kàn ò sì ní yọjú títí wọn yóò fi wọ̀ ọ́ tán. Èyí tó nira jù fún Màmá ni ọ̀rọ̀ sísọ: gbólóhùn kúkúrú kan, kí wọ́n sì dákẹ́. Ọpọlọ tí àrùn yìí bá jà máa ń pẹ́ kó tó túmọ̀ ọ̀rọ̀. Bí a bá tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́nà mìíràn kó tó túmọ̀ ti àkọ́kọ́ tán, ńṣe ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kí Màmá máa ka oókan, eéjì nínú ọkàn wọn títí dé ẹẹ́wàá kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ kún un. Tí ọ̀rọ̀ kò bá sì tó, kí wọ́n nawọ́ sí aṣọ náà. Tí ìyẹn kò bá tó, kí wọ́n ki ọwọ́ wọn sábẹ́ ọwọ́ Bàbá, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìrìn ọwọ́ náà, kí wọ́n sì jáwọ́ nígbà tí Bàbá bá ti gbà á. A kò jẹ́ kí Bàbá ṣe àṣìṣe kí a tó tún un ṣe, torí ẹni tí kò lè rántí pé òun ṣàṣìṣe kò lè fi àṣìṣe kọ́gbọ́n. Ìtìjú rẹ̀ nìkan ló máa ń kù sí wọn lára.

Pátá lọ, síńgílẹ́ẹ̀tì lọ, ṣòkòtò lọ. Tó bá kan ṣẹ́ẹ̀tì, ìjà a bẹ̀rẹ̀. Bàbá a yí inú rẹ̀ síta, Màmá a gbà á.

Ẹlòmíràn nínú iṣẹ́ wa ì bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé apraxia ni, pé Bàbá kò mọ ohun tí a ń fi aṣọ ṣe mọ́. Apraxia wà lóòótọ́ nínú àrùn yìí, ó sì máa ń jọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí apraxia ń dà láàmú kì í sábà ṣe é bákan náà lójoojúmọ́. Bàbá kì í yí síńgílẹ́ẹ̀tì, wọn kì í yí ṣòkòtò onírọ́bà. Ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ni, abíyá ni wọ́n sì máa ń ti bẹ̀rẹ̀, àtàǹpàkò kan náà ló máa ń ṣáájú. Mo béèrè lọ́wọ́ Màmá pé níbo ni wọ́n ti rí ìṣesí yìí rí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní: "Bí wọ́n ṣe máa ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọṣẹ́ wò nìyẹn. Tí ojú rírán abíyá ò bá ti mọ́, wọn ò ní gbà á."

Iṣẹ́ ni Bàbá ń yẹ̀ wò. Láàárọ̀ láàárọ̀ ni Màmá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, Bàbá sì ń fi ìjà dáhùn bí ọ̀gá tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe lè dáhùn. Mo ní kí Màmá jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dé ìparí. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, Màmá fúnra wọn ló mú un wá, mi ò kọ́ wọn. Nígbà tí àtàǹpàkò Bàbá dé etí ṣẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀, Màmá ní: "Iṣẹ́ yìí mọ́. Ẹ wọ̀ ọ́ wò." Bàbá mi orí, wọ́n yí ṣẹ́ẹ̀tì padà sí ojú rẹ̀, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n sì de bọ́tìnnì. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn wọ́n.

Ọ̀nà tí a gbà ṣe é ṣe pàtàkì sí mi ju pé ó ṣiṣẹ́ lọ. A kò tan Bàbá jẹ. Yíyẹ aṣọ wò ní ìparí tirẹ̀ nínú iṣẹ́ télọ̀, ohun tó sì ń tẹ̀ lé ìparí náà ni kí a wọ̀ ọ́ wò. Ara Bàbá mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí a pè ní ìdíwọ́ ni ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà, ìbéèrè nípa iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkíni tí a fi ń kún ìwé. Mo ti wá ń béèrè rẹ̀ títí dé bí ọwọ́ ṣe ń rìn nínú iṣẹ́ náà: ọwọ́ wo ló ń ṣáájú, kí ni wọ́n máa ń ṣe tí iṣẹ́ bá parí, kí ni wọ́n máa ń sọ.

Ibi tí nǹkan ti ń lọ ní ìrọ̀rùn ni ó ti ṣàdédé yí bírí. Láàárín ọjọ́ méjì, Bàbá kò dá Màmá mọ̀ mọ́, oorun ń gbé wọn lọ lọ́sàn-án, wọ́n ń lé ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí lóru. Ọmọ wọn ní àrùn náà ti dé ìpele tó kẹ́yìn, kí a má da ara wa láàmú mọ́. Mo ní kí wọ́n gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Alzheimer kì í já ènìyàn lulẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Bí ẹni tó ní in bá yí padà láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, ìdàrúdàpọ̀ òjijì tí wọ́n ń pè ní delirium ni kí a kọ́kọ́ fura sí, ìdí kan sì máa ń wà nídìí rẹ̀ tí a lè tọ́jú: àkóràn, oògùn, ìgbẹ́ tó há, àìmu omi tó, ìrora.

Ìtọ̀ kún àpò ìtọ̀ Bàbá, kò rí ọ̀nà jáde dáadáa, àkóràn sì ti wọ ibẹ̀. Nígbà tí a to gbogbo oògùn inú ilé sórí tábìlì, a rí tuntun kan láàárín wọn: oxybutynin. Nítorí ọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ni ẹbí ṣe gbà á níbòmíràn, kí ìtọ̀ Bàbá lè dín kù. Oxybutynin máa ń dí acetylcholine lọ́wọ́, èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, ohun kan náà tí donepezil ń gbìyànjú láti mú kó pẹ́ nínú ọpọlọ. Ọ̀kan ń fà síwájú, èkejì ń fà sẹ́yìn, nínú ara ẹni kan ṣoṣo. Ó tún lè jẹ́ kí ìtọ̀ há. Dókítà dá a dúró, wọ́n tọ́jú àkóràn náà. Orí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, a sì tún bẹ̀rẹ̀ aṣọ wíwọ̀ láti orí kíki ọwọ́ sábẹ́ ọwọ́.

Bí a bá ti wo yàrá náà lóru ṣáájú, oògùn yẹn kò ní wáyé. Mo ní kí Màmá pa iná bí wọ́n ṣe máa ń pa á, mo sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tí Bàbá máa ń dìde. Ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ wà ní títì, àwọ̀ rẹ̀ àti ti ògiri kò yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé bọ́ sórí apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí: ó ga níwọ̀n, ó rí róbótó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Òun nìkan ló jọ ohun tí ènìyàn lè tọ̀ sí nínú gbogbo ohun tí ojú lè rí níbẹ̀. Bàbá mọ̀ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n, wọ́n dìde, wọ́n wá ibi tó yẹ, wọ́n tú ṣòkòtò, wọ́n tọ̀ sínú nǹkan. Àpò ìtọ̀ wọn kò ṣẹ̀.

A gbé apẹ̀rẹ̀ náà jáde. Ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ di ṣíṣí sílẹ̀ lóru, iná kékeré kan ń tàn nínú rẹ̀, kí Bàbá lè rí i láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ìjókòó ilé ìtọ̀ funfun, ilẹ̀ funfun, ògiri funfun: a pààrọ̀ ìjókòó náà sí pupa. Àrùn yìí máa ń dín agbára ojú láti mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀ méjì tó jọra kù, bí ojú ènìyàn tilẹ̀ ń ríran dáadáa. Ní ọdún 2004, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde lórí àwọn tí Alzheimer wọn ti le, tí wọ́n fún ní oúnjẹ nínú àwo pupa dípò funfun. Ohun tí wọ́n jẹ fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ohun tí wọ́n mu fi ìdá 84 pọ̀ sí i. Ènìyàn mẹ́sàn-án péré ni, nítorí náà mi ò ní sọ pé ó parí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí mò ń rí lẹ́nu iṣẹ́ mu. A tún ká ẹní dúdú tó wà lẹ́nu ọ̀nà kúrò, torí lójú Bàbá ó lè dà bí ihò. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ kò tán pátápátá, ṣùgbọ́n ó di ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ti ìwẹ̀ kò gùn. Bàbá kì í wẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, alẹ́ ni wọ́n máa ń wẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù dé. A dá a padà sí alẹ́, a mú yàrá ìwẹ̀ móoru ṣáájú, a da táwẹ̀lì bo èjìká wọn kí ìhòòhò má bàa mú wọn sá, omi sì ń ti ẹsẹ̀ lọ sókè dípò kó máa ti orí bọ̀. Kànrìnkàn wà lọ́wọ́ Bàbá fúnra wọn. Màmá ṣì ń bá wọn fọ ẹ̀yìn.

Ní ti Màmá, mo ní láti sọ pé ọrùn wọn ni iṣẹ́ náà wúwo sí jù. Ẹni tó ti ń fi ṣíṣe gbogbo nǹkan fún ọkọ rẹ̀ hàn pé òun fẹ́ràn rẹ̀, kò rọrùn kí a ní kó ká ọwọ́ kò. Wọ́n sunkún lọ́jọ́ tí mo fi bọ́tìnnì hàn wọ́n. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006 láti Netherlands fi ìpàdé mẹ́wàá pẹ̀lú occupational therapist láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún ran àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé àti olùtọ́jú wọn lọ́wọ́ nílé. Ènìyàn 135 ló kópa. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn dára sí i, ọkàn àwọn olùtọ́jú sì balẹ̀ sí i pé àwọn lè ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé irú ètò náà lọ sí Jámánì, àti lẹ́yìn náà sí Bìrìtìkó, ìyàtọ̀ kò hàn láàárín àwọn tó gbà á àti àwọn tí kò gbà á. Ohun tí mo gbà gbọ́ lórí èyí ni pé iye ìpàdé kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ohun tí a rí nínú yàrá náà, àti bóyá a ní àkókò láti rí i, ló ń pinnu púpọ̀.

Nígbà tí wọ́n tún ṣe MMSE fún Bàbá, máàkì wọn jẹ́ 13. Ọpọlọ wọn kò sàn sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wọ aṣọ wọn láti pátá dé bọ́tìnnì bí a bá ń gbé e fún wọn lẹ́yọ ẹyọ. Bàtà nìkan ni Màmá ń bá wọn wọ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú dúró ná. Àrùn náà ń lọ síwájú, yóò sì máa lọ, ìdí nìyí tí mi ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ wa kọ "kò lè wọṣọ" tàbí "ó nílò ìrànwọ́" sínú fáìlì kó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kà á lẹ́yìn wa yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ohun tí a kọ fún ọmọ wọn, tó ń dípò Màmá lópin ọ̀sẹ̀, rèé:

"Ẹ ti kọ́bọ́ọ̀dù. Aṣọ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ ka ẹẹ́wàá nínú yín. Pátá, síńgílẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò: ẹ gbé e síwájú wọn, ẹ nawọ́ sí i bí wọn ò bá mú un. Ṣẹ́ẹ̀tì: wọn yóò yí inú rẹ̀ síta, ẹ má gbà á. Ẹ dúró títí ọwọ́ wọn yóò fi dé etí rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ wá sọ pé iṣẹ́ yìí mọ́, ẹ wọ̀ ọ́ wò. Bọ́tìnnì: ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá yí padà lójijì láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ilé ìwòsàn ni, ẹ kó gbogbo oògùn lọ́wọ́."

Láti ìgbà náà, bọ́tìnnì òkè ti ń ṣòro. Màmá ló ń ti ìyẹn bọ ihò rẹ̀ báyìí, Bàbá sì ń de ìyókù. A ti tún ìwé náà kọ bẹ́ẹ̀.